A Kì Í Fá Orí Lẹ́yìn Olórí: Ọ̀rọ̀ Lórí Wáyà Tí Yóò So Àwọn Ẹ̀rọ Wa Pọ̀

 

Ọ̀rọ̀ kan ti ń jà ràn-ìn nínú ilé iṣẹ́ láti bí oṣù kan sẹ́yìn. Àwọn aláṣẹ sọ pé àwọn fẹ́ so gbogbo ẹ̀rọ ilé ìfúnpo wa ní Iyansan pọ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà, kí ẹnì kan ṣoṣo lè jókòó sínú yàrá kan, kí ó máa wo bí bọ́ílà ti gbóná tó, bí ẹ̀rọ ìfúnpo ti ń yí, àti bí epo ti pọ̀ tó nínú táńkì. Àwọn tí ń ta irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti wá wo ilé iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n wọn ilẹ̀, wọ́n ya àwòrán, wọ́n bá àwọn ọ̀gá jẹun, wọ́n sì lọ. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó bi ẹni tí ń dáná bọ́ílà ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ kí ó yé tọmọdé tàgbà pé ẹgbẹ́ wa kò lòdì sí ẹ̀rọ tuntun. Àwọn ìyá wa ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ fi ẹsẹ̀ tẹ ẹyìn nínú ẹbu títí ẹ̀yìn fi ń ro wọ́n. Nígbà tí ẹ̀rọ ìfúnpo dé, a kò rí ẹni tí ó sunkún pé kí wọ́n dá iṣẹ́ ẹsẹ̀ padà. Ohun tí a ń sọ ni pé a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Àwa ni a ń sùn, tí a ń jí, sí ìdí ẹ̀rọ wọ̀nyí, ó sì yẹ kí a wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń yan ohun tí yóò máa darí wọn.

Nítorí ohun tí wọ́n fẹ́ rà kì í ṣe kọ̀ǹpútà nìkan. Ọ̀nà tí ẹ̀rọ yóò máa gbà bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ ni. Ẹni tí ó bá yan ọ̀nà náà ti yan ẹni tí yóò lè tún un ṣe nígbà tí ó bá bàjẹ́. Ó ti yan iye ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò fi dúró. Ó sì ti yan bóyá bẹ́líìtì yóò dúró ní kíá nígbà tí ọwọ́ ẹnì kan bá há sí i. Àwọn ọ̀rọ̀ mẹ́ta wọ̀nyí kì í ṣe ti injíníà nìkan.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo èyí tí ó wà nílẹ̀ báyìí. Géèjì kọ̀ọ̀kan ní wáyà tirẹ̀ tí ó lọ tààrà sí pátákó ìdarí. Iná kékeré ni wáyà náà ń gbé: 4 mílíámpíà bí táńkì bá ṣófo, 20 bí ó bá kún dé ẹnu. Àwọn tí ó gbé ètò yìí kalẹ̀ gbọ́n. Wọn kò bẹ̀rẹ̀ láti òdo, nítorí pé bí pátákó kò bá rí iná kankan, yóò mọ̀ pé wáyà ló já, kì í ṣe pé epo tán. Ọmọ iṣẹ́ tí ó ní mítà lọ́wọ́ lè wá ibi tí ó bàjẹ́ rí kí ilẹ̀ tó ṣú. Àléébù rẹ̀ ni pé wáyà ń pọ̀ jù. Géèjì 50 yóò ní okùn 50, a kò sì ní rí ibi tí a ó gbé wọn gbà mọ́.

Ìdí nìyí tí àwọn ènìyàn fi wá ọ̀nà tí ẹ̀rọ púpọ̀ yóò fi lè lo okùn kan. Ní 1979 ilé iṣẹ́ Modicon ní Amẹ́ríkà gbé ọ̀kan jáde tí wọ́n pè ní Modbus. Ó dà bí olùkọ́ tí ń pe orúkọ nínú kíláàsì: ẹni tí ó bá pè nìkan ni yóò dáhùn, àwọn yòókù a dákẹ́. Bí a bá lò ó lórí irú wáyà tí wọ́n ń pè ní RS-485, ohun èlò 32 lè wà lórí okùn kan, okùn náà sì lè gùn tó nǹkan bí 1,200 mítà. Kò yára púpọ̀. Ṣùgbọ́n òfin rẹ̀ wà ní gbangba, ẹnikẹ́ni lè kà á, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé iṣẹ́ káàkiri ayé ló sì ń ṣe ẹ̀rọ tí ó gbọ́ èdè náà títí di òní. Bí ẹni tí a rà á lọ́wọ́ rẹ̀ bá ti ìsọ̀ rẹ̀ pa, a lè rí òmíràn rà níbòmíràn.

Àwọn ará Jámánì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí tiwọn, Profibus, ní 1987. Ó yára ju Modbus lọ, ṣùgbọ́n bí a bá ti ń fẹ́ kí ó yára sí i ni okùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa kúrú sí i. Níbi tí ó ti yára jù lọ, 100 mítà ni òpin rẹ̀. Ethernet ní tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1973 fún iṣẹ́ ọ́fíìsì, kí ó tó wá wọ inú ilé iṣẹ́. Ó yára gan-an, òun sì ni àwọn ọ̀dọ́ tí ń jáde ní Pólì mọ̀ jù. Wáyà bàbà rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 100 mítà lọ láti àpótí kan sí èkejì. A sì lè tò ó yí ilé iṣẹ́ ká bí òrùka, pẹ̀lú àpótí tí a ṣe fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí eku bá gé e níbì kan, ọ̀rọ̀ yóò gba ọ̀nà kejì kọjá. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí eku ilé ìfúnpo ti pọ̀ tó.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí orúkọ tàn yín jẹ. Ethernet kì í ṣe èdè kan ṣoṣo. Modbus TCP wà, Profinet wà, EtherNet/IP sì wà, gbogbo wọn ń gba orí irú wáyà kan náà. Síbẹ̀ wọ́n lè má gbọ́ ara wọn, bí ìgbà tí ará Ìkálẹ̀ àti ará Ìjọ̀ Arógbò bá jókòó sínú ọkọ̀ ojú omi kan náà, tí oníkálukú ń sọ èdè ilé bàbá rẹ̀. Nítorí náà bí ọlọ́jà bá sọ pé, "Ethernet ni tiwa," kí a tún bi í pé: "Èdè wo ló ń sọ, ta ló sì tún ń sọ ọ́ yàtọ̀ sí ìwọ?"

Àwọn mìíràn wí pé kí a má lo wáyà rárá, kí a lo ti afẹ́fẹ́. Ó ní ibi tí ó dára sí. Táńkì omi tí ó wà lọ́nà jíjìn, tí a kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ó kún, lè fi ti afẹ́fẹ́ sọ̀rọ̀. Àṣìṣe ìṣẹ́jú kan kò ní pa ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé wa kún fún páànù, irin àti ooru, mọ́tò ńláńlá sì ń yí níbẹ̀ tọ̀sán tòru. Àwọn tí fóònù wọn máa ń dákẹ́ bí wọ́n bá ti wọ ẹ̀yìn bọ́ílà mọ ohun tí a ń sọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé ìdádúró ẹ̀rọ lé ohun tí ó lè dákẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àrá tún wà níbẹ̀. Inú igbó òjò ni a wà, ẹ sì mọ bí mànàmáná ti máa ń kọ nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ń bọ̀. Wáyà bàbà tí ó gba ìta láti ilé kan lọ sí òmíràn lè gbé agbára àrá wọlé, kí ó sì jó gbogbo ohun tí ó wà lórí rẹ̀. Wáyà onígíláàsì tí wọ́n ń pè ní fáíbà kì í gbé iná, ìmọ́lẹ̀ ló ń gbé. Àrá kò lè gba inú gíláàsì náà kọjá láti ilé bọ́ílà dé yàrá ìdarí. Owó rẹ̀ wọ́n ju ti bàbà lọ, àtiso ó sì gba ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Bí wọ́n bá fẹ́ dín owó kù, kí wọ́n lo bàbà nínú ilé, kí wọ́n sì lo fáíbà láàárín ilé sí ilé.

Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ bí a kò bá bi irú ìbéèrè wọ̀nyí? Àwọn kan nínú wa ti ṣiṣẹ́ rí ní ilé iṣẹ́ kan tí a kò ní dárúkọ. Wọ́n ra ẹ̀rọ tí ó jẹ́ pé ẹni tí ó tà á nìkan ló ní okùn tí wọ́n fi ń bá a sọ̀rọ̀, òun nìkan náà ló mọ ọ̀rọ̀ àṣírí tí wọ́n fi ń ṣí i. Ní ọjọ́ òjò kan, àpótí kékeré kan tí kò ju bíbélì àpò lọ jóná. Iṣẹ́ dúró. Wọ́n kọ̀wé, wọ́n tẹ fóònù, wọ́n san owó ìwé ìrìnnà. Ó tó ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá kí ògbóǹtarìgì náà tó dé, kò sì lo wákàtí kan tí ó fi parí iṣẹ́. Ní gbogbo àkókò yẹn, ẹyìn ń jẹrà lábẹ́ igi, àwọn lébìrà ojoojúmọ́ sì wà nílé láìgba kọ́bọ̀. Ẹni tí ó yan ẹ̀rọ náà gba owó oṣù rẹ̀ pé.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì rò pé ilé iṣẹ́ kékeré nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá jà, kí ó wo iná ìjọba. Ní Òṣogbo ni yàrá tí ń darí iná gbogbo orílẹ̀-èdè yìí wà, tí wọ́n ń pè ní National Control Centre. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣọ́ iná Kainji, Jẹ́bbà, Ẹ̀gbin, títí kan Ọmọtọ́ṣọ̀ọ́ tí ó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa níhìn-ín, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2007. Iná yẹn gbọ́dọ̀ máa lù ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ẹ̀rọ ńlá kan bá kú lójijì, tí wọn kò tètè rí i kí wọ́n sì ṣe ohun tí ó yẹ, ó lè fa àwọn yòókù lulẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, orí wáyà iná náà gan-an ni wọ́n ń gbà fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ láti ibùdó dé ibùdó, pẹ̀lú tẹlifóònù, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí ta fáíbà sórí òpó. Ní oṣù February 2018, Báǹkì Àgbáyé fọwọ́ sí 486 mílíọ̀nù dọ́là láti tún ètò ìgbéná káàkiri ṣe, ojú àti etí fún yàrá ìdarí sì wà lára iṣẹ́ tí owó náà wà fún. Síbẹ̀, ní 2024, iná orílẹ̀-èdè wó lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn òmíràn. A kò sọ pé ọ̀rọ̀ wáyà ìbánisọ̀rọ̀ nìkan ló fà á. Ẹ̀rọ gbígbó wà níbẹ̀, àìtó gáàsì wà níbẹ̀, àwọn tí ń wó òpó sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò rí ibi tí ilé ti ń jó kò lè mọ ibi tí yóò da omi sí. Àwa ará gúúsù Oǹdó tí a gbé nínú òkùnkùn fún ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tí iná Ọmọtọ́ṣọ̀ọ́ ń gba orí wáyà lọ síbòmíràn, kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé èyí fún wa.

Ohun kan tún wà tí àwọn ọlọ́jà ń fi ń yangàn, pé máníjà yóò lè wo ilé iṣẹ́ láti Èkó tàbí láti òkè òkun, lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí ó wò ó, a kò bínú. Ṣùgbọ́n kí ó má ṣe darí rẹ̀ láti ibẹ̀. Ní 14 March 2024, àwọn okùn abẹ́ òkun bàjẹ́ lẹ́bàá Côte d'Ivoire, íntánẹ́ẹ̀tì sì dákẹ́ ní ọ̀pọ̀ báǹkì àti ilé iṣẹ́ ní Nàìjíríà. Bọ́ílà kì í dúró de okùn abẹ́ òkun. Ewu àwọn ọ̀daràn tún wà. Ní 23 December 2015, àwọn olè kọ̀ǹpútà wọ inú ètò ilé iṣẹ́ iná mẹ́ta ní Ukraine láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n ń pa súìṣì ní ọ̀kan-ò-jọ̀kan níṣojú àwọn òṣìṣẹ́. Nǹkan bí 225,000 oníbàárà ni ó bá ara wọn nínú òkùnkùn nígbà òtútù. Ta ló gbà wọ́n? Àwọn òṣìṣẹ́ bíi tiwa ni. Wọ́n wọ ọkọ̀, wọ́n lọ sí ibùdó kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi ọwọ́ tan súìṣì padà, iná sì dé láàárín wákàtí mélòó kan. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n ti lé gbogbo àwọn tí ó mọ iṣẹ́ ọwọ́ lọ ni, ta ni ìbá tan án?

A wá dé orí èyí tí ó wúwo jù lọ, ìyẹn bọ́tìnnì pupa. Bọ́tìnnì tí a ń tẹ̀ kí bẹ́líìtì lè dúró kò gbọdọ̀ gba inú kọ̀ǹpútà tàbí okùn tí gbogbo ẹ̀rọ jọ ń lò. Kí wáyà rẹ̀ lọ tààrà, kí ó gé iná mọ́tò. A mọ̀ pé wọ́n ti ṣe irú ètò okùn kan tí a dán wò fún ààbò, tí ó sì ní ìwé ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n ó gbówó lórí, àyẹ̀wò rẹ̀ sì gba ọwọ́ ẹni tí ó kọ́ ọ. Ilé iṣẹ́ tí kò lè ra búlọ́ọ̀bù sí ọ̀nà ilé bọ́ílà kò tíì dé ibẹ̀. Òfin Ilé Iṣẹ́ ti 1987 ti là á sílẹ̀ pé ibi tí ó léwu lára ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ní ààbò. Nàìjíríà sì fọwọ́ sí Àdéhùn 155 ti àjọ òṣìṣẹ́ àgbáyé, ILO, tí wọ́n ṣe ní 1981, èyí tí ó sọ pé kí àwọn agbanisíṣẹ́ máa fi ọ̀rọ̀ ààbò lọ àwọn òṣìṣẹ́ tàbí aṣojú wọn. A kò tọrọ àánú lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀tọ́ wa ni a ń béèrè.

Nípa iṣẹ́ wa, a gbọ́ bí wọ́n ti ń sọ pé "ẹnì kan ṣoṣo yóò jókòó sí yàrá." Àwọn yòókù ńkọ́? Òfin Iṣẹ́ orílẹ̀-èdè yìí, abala 20, sọ pé bí agbanisíṣẹ́ bá fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù nítorí pé wọ́n pọ̀ jù, ó gbọ́dọ̀ sọ ìdí rẹ̀ àti bí yóò ti pọ̀ tó fún ẹgbẹ́. Kí wọ́n sọ ọ́ nísinsìnyí, kí wọ́n má ṣe dúró di ọjọ́ tí ìwé yóò dé.

Nítorí náà, ohun tí ẹ̀ka ẹgbẹ́ yìí ń béèrè nìyí, kí a tó fọwọ́ sí ìwé ọjà kankan:

Èkíní, kí aṣojú òṣìṣẹ́ méjì wà nínú ìgbìmọ̀ tí yóò yan ètò náà, kí ọ̀kan wá láti ilé bọ́ílà, kí èkejì wá láti ọ̀dọ̀ àwọn oníṣẹ́ iná.

Èkejì, kí ó jẹ́ èdè tí òfin rẹ̀ wà ní gbangba, tí a lè rí ohun èlò rẹ̀ rà lọ́wọ́ ju ẹnì kan lọ, ní Nàìjíríà níhìn-ín.

Ẹ̀kẹta, kí ọlọ́jà fi gbogbo àwòrán wáyà, ọ̀rọ̀ àṣírí àti ètò inú àpótí ìdarí lé ilé iṣẹ́ lọ́wọ́ kí ó tó gba owó ìkẹyìn, kí àpótí ìpààrọ̀ sì wà nínú sítọ́ọ̀ wa.

Ẹ̀kẹrin, kí wọ́n kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ wa, kì í ṣe ọ̀gá nìkan, títí wọn yóò fi lè wá àbùkù rí tí wọn yóò sì tún un ṣe, kí owó oṣù wọn sì fi ìmọ̀ náà hàn.

Ẹ̀karùn-ún, kí bọ́tìnnì pupa àti fáàfù ààbò bọ́ílà dá dúró ní tiwọn, kí a sì lè fi ọwọ́ dá gbogbo ẹ̀rọ dúró.

Ẹ̀kẹfà, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé a kò ní tìtorí ètò yìí lé ẹnikẹ́ni kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láìjẹ́ pé a ti jọ jókòó sọ ọ́.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ojúṣe wà lọ́rùn tiwa náà. Ẹni tí kò mọ ohun tí wọ́n ń tà kò lè sọ pé kò dára. Àwa tí a ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, ìwé mẹ́fà àti ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ ni a kà, a sì ti rí i pé ọ̀rọ̀ wáyà wọ̀nyí kì í ṣe awo. Ní gbogbo alẹ́ Thursday, ní yàrá ẹgbẹ́, a ó máa kọ́ ara wa bí a ti ń lo mítà àti bí a ti ń ka àwòrán wáyà. Ẹ mú ìwé àti bírò wá. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ mọ kọ̀ǹpútà, ẹ wá kọ́ àwọn àgbà. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ mọ ohùn ẹ̀rọ nígbà tí ara rẹ̀ kò bá dá, ẹ wá kọ́ àwọn ọ̀dọ́, nítorí kò sí géèjì tí ó tíì mọ èyí bí etí yín ti mọ̀ ọ́n.

Sí àwọn aláṣẹ, a fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́ pé ẹ̀rọ tí ẹ fẹ́ so pọ̀ kò ní ṣiṣẹ́ fún ọdún kan bí ẹ bá tú àwọn tí ń ṣọ́ ọ ká. Ẹ pè wá sí ìjókòó kí owó tó jáde. Sí ẹ̀yin ará wa, àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Kí ohùn wa ṣe ọ̀kan ní ọjọ́ ìpàdé náà.

Ìṣọ̀kan ni agbára wa.